Olúgbódi Ní Ìka Mẹ́fà: Bí A Ṣe Lè Fi Ọ̀rọ̀ Ìyàtọ̀ Kọ́ Ọmọdé Ní Ìwé Kíkà Àti Gírámà

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ di olùkọ́ kíláàsì kẹta, ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń mú pẹ́ńsù. Bí mo bá ti rí i, màá yọ pẹ́ńsù náà, màá kì í bọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, mo sì kà á sí ẹ̀kọ́ ilé. Kí táàmù náà tó parí, ọmọ tó ń kàwé ketekete níbẹ̀rẹ̀ ọdún kò dìde kàwé mọ́. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Anti, mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi náà ò dáa."

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya ọ̀sẹ̀ méjì sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Àwọn ọmọ máa kàwé, wọ́n máa kọ́ gírámà, wọ́n máa kọ gbólóhùn tiwọn, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì dá lé: pé ènìyàn kò rí bákan náà. Ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án ló bá mu jù. Ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì, páálí àti ìwé àjákọ ni gbogbo ohun èlò tí ẹ nílò. Òbí tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá ní London tàbí Houston lè ṣe é lórí tábìlì ìjẹun pẹ̀lú ọmọ méjì péré.

Kí ẹ tó kọ nǹkan kan sí pátákó

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ọmọ tó wà níwájú yín, torí kò bójú mu kí a máa kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ìyàtọ̀ kí ẹni tó yàtọ̀ nínú wọn má sì rí pátákó.

Bí ẹ bá ní ọmọ àfín, ẹ mọ̀ pé ojú rẹ̀ kì í sábà ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń ta á lójú. Ojú náà lè máa mì fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé ọmọ náà kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ àfín ni wọ́n ti pè ní olódo nítorí ohun tí wọn kò rí. Ẹ fi í síwájú, kí ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ẹ jẹ́ kó dìde lọ bá pátákó nígbàkúùgbà tó bá fẹ́. Bó bá gbé ìwé sún mọ́ imú rẹ̀, ẹ má gbà á, kò ní ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń ríran. Ẹ kọ àkàyé tó wà ní ìgbésẹ̀ kẹta sórí páálí fún un ní lẹ́tà ńláńlá, bí lẹ́tà ṣe máa ń rí lára mọ́tò akérò. Ẹni tó bá lè ṣètò ọ̀sẹ̀ méjì yìí bọ́ sí táàmù kẹta, kó jẹ́ kó kan ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àfín.

Ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ìparí bẹ́ńṣì lápá òsì ni kó jókòó sí, kí ìgúnpá rẹ̀ má baà máa kọlu ti ẹnì kejì. Kí ó yí ìwé rẹ̀ díẹ̀ kí orí ìwé náà dà sí ọ̀tún, nígbà náà ni yóò máa rí ohun tó ń kọ. Àwọn òbí kan á bá yín jà lórí èyí. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé èèwọ̀ tí a mọ̀ ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Ọmọ náà á pa á mọ́. Èèwọ̀ náà kò sọ ohunkóhun nípa pẹ́ńsù.

Ọmọ tó máa ń kólòlò, ẹ má dá a dúró kó dá kàwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí òun àti ẹnì kan jọ kà á pọ̀, kí ohùn wọn máa lọ papọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ahọ́n wọn máa ń tú bí wọ́n bá jọ ń kà á.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọwọ́ lórí ìwé

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí ìwé, kí ó fi pẹ́ńsù yí i ká. Lẹ́yìn náà kí ó kọ orúkọ ìka sí ojú ìka: àtàǹpàkò, ìka àárín, ọmọńdinrín. Ẹ bi wọ́n pé, "Ìka wo ló gùn jù?" Gbogbo wọn á máa pariwo. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sí pátákó bó ṣe yẹ kó rí:

Ìka àárín gùn ju ọmọńdinrín lọ.
Ọmọńdinrín kò gùn tó ìka àárín.
Àtàǹpàkò nípọn ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ fa ìlà sábẹ́ "ju … lọ" àti "kò … tó". Àṣìṣe tí ẹ máa bá pàdé ni pé ọmọ á kọ "gùn ju ọmọńdinrín", á gbàgbé "lọ". Ẹ jẹ́ kí kíláàsì máa pa àtẹ́wọ́ kan níbi "lọ", kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ́ wọn lára. Ìgbà yìí ni kí ẹ sọ fún wọn pé àwọn bàbá wa ní ìka kò dọ́gba, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wo ọwọ́ tiwọn lórí ìwé bí ẹ ṣe ń sọ ọ́.

Ohun kan tí n kò gbà rárá ni kí a fi ọmọ kan wé ọmọ kejì lọ́jọ́ kìíní yìí. Ẹ fi ìka wé ìka, ẹ fi bẹ́ńṣì wé tábìlì. Ẹni tó kúrú jù nínú kíláàsì ti mọ̀ pé òun kúrú, kò nílò kí a fi í ṣe àpẹẹrẹ gírámà.

Ìgbésẹ̀ kejì: orúkọ tí ọmọ mú wá láti ọ̀run

Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún olùkọ́. Ọmọ tó bá wá sáyé lọ́nà tó yàtọ̀, orúkọ ti ń dúró dè é. Ẹ kọ wọ́n sí pátákó: Ìgè, ẹni tó mú ẹsẹ̀ wá, Àjàyí, ẹni tó dojú bolẹ̀, Òjó àti Àìná, àwọn tí okùn ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, Ọ̀kẹ́, ẹni tó wá nínú àpò, Dàda, ẹni tí irun rẹ̀ ta kókó, Olúgbódi, ẹni tí ìka rẹ̀ lé, Táíwò àti Kẹ́hìndé, àti Ìdòwú tó tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àtẹ́wọ́ gé orúkọ náà sí sílébù, kí wọ́n sì fi dò, re, mí kọ ohùn rẹ̀. O-lú-gbó-di: re, mí, mí, re. Dà-da: dò, re. À-ì-ná: dò, dò, mí. Ẹ má sọ fún wọn pé À-jà-yí ní orin kan náà pẹ̀lú Àìná. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ọmọ kan fúnra rẹ̀ rí i. Inú kíláàsì máa ń dùn gan-an lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá rí i. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti fi hàn wọ́n pé "gb" nínú Olúgbódi kì í ṣe lẹ́tà méjì. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ní, ó sì máa wúlò ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

Fún àwọn tó bá ń jẹ́ Àjàyí, ẹ sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wọn ní ṣókí: ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, tí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe sì jáde lọ́dún 1843. Ẹni tí wọ́n sọ lórúkọ nítorí bó ṣe dojú bolẹ̀ wáyé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí wọ́n lọ bi àgbà ilé wọn bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ní orúkọ àmútọ̀runwá, kí wọ́n sì kọ gbólóhùn kan wá nípa ẹni náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àkàyé

Èyí ni àkàyé tí mo kọ fún kíláàsì mi. Ẹ lè lò ó bó ṣe wà.

*Wọ́n bí ọmọ tuntun ní ilé alágbẹ̀dẹ. Ìyá àgbà ka ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Wọ́n tún un kà. Ẹ̀fà náà ni. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Olúgbódi ló dé."*

*Olúgbódi dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ní kí gbogbo ọmọ fi ìka wọn ka ení dé ẹ̀wá. Àwọn yòókù kà á tán. Ìka kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ Olúgbódi. Ó yára fi ọwọ́ náà sí abẹ́ tábìlì.*

*Àìná rí i. Ó sún mọ́ ọn, ó ní, "Gbé ọwọ́ rẹ wá. Jẹ́ ká ka tèmi mọ́ tìrẹ." Wọ́n kà á. Ó di mọ́kànlélógún.*

*Òjó ní, "Ẹ ti ṣì í kà! Ọmọ méjì, ogún ìka."*

*"A kò ṣì í kà," ni Olúgbódi wí. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Tún un kà."*

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ kà á, kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n máa gbọ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ka gbólóhùn kan, kí wọ́n gbà á lẹ́nu yín. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n kà á ní méjì-méjì, kí ẹ sì máa rìn kiri láàárín wọn. Bí ọmọ bá dúró sórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ má yára sọ ọ́ fún un. Ẹ ka ení dé àrún nínú ọkàn yín kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó máa dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ka mẹ́rin.

Ìbéèrè tó rọrùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Ta ló ka ìka ọmọ tuntun? Ẹ̀ẹ̀melòó ni? Báwo ni ìka ṣe jẹ́ mọ́kànlélógún? Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì jáde wá kà á ní ojúkojú. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé: "Kí ló dé tí Olúgbódi fi ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì?" Ẹ fún wọn láyè, kí kíláàsì dákẹ́. Ọmọ kan á ní ìtìjú ni. Òmíràn á ní ẹ̀rù ń bà á kí olùkọ́ má nà án. Lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan tó máa ń wọ bàtà onírin tó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ró kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fa ẹsẹ̀ náà jáde lábẹ́ bẹ́ńṣì, ó nà án síta, ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ. N kò sọ nǹkan kan. Àkàyé ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé, "Kí ni Àìná ṣe tó dáa?" Ẹ ṣọ́ra fún ìdáhùn tó bá ní ó ṣàánú rẹ̀. Ẹ dá wọn padà sínú ìwé: Àìná kò sọ "pẹ̀lẹ́". Ó ní kó gbé ọwọ́ wá kí àwọn jọ kà á. Bí a ṣe ń wá ẹ̀rí nínú ohun tí a kà nìyẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọ fi ń kọ́ ọ.

Ẹ máa rí i pé "kà" wà nínú ìwé náà lọ́nà méjì: "ka ìka" àti "tún un kà". Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń pàdánù àmì rẹ̀ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. Mi ò kọ́ kíláàsì kẹta ní òfin yìí, ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá bi yín, ẹ má sọ pé ìwé ló ṣàṣìṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: "ga" àti "gíga"

Ibí ni iṣẹ́ gírámà tó tóbi jù wà. Ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan náà máa ń kọ "Òjó jẹ́ gíga". Kò sí Yorùbá tó ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé. "Òjó ga" ni. "Ga" ti jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, kò bẹ "jẹ́" lọ́wẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni "jẹ́" ń bá rìn: Òjó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró ti ọ̀rọ̀-orúkọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni a ń yí i padà. A ó mú kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó fi "í" sí i, a ó wá gbé e síwájú ọ̀rọ̀ náà:

Òjó ga → ọmọ gíga
Ilé náà tóbi → ilé títóbi
Iṣu náà le → iṣu líle
Aṣọ náà gbẹ → aṣọ gbígbẹ

Ẹ fún wọn ní páálí kéékèèké tí ẹ kọ ọ̀rọ̀-ìṣe sí, kí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ èyí tó kù síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ibi tí wọ́n á ti ṣubú ni "gbẹ". Wọ́n á kọ "gígbẹ". Ẹ rán wọn létí Olúgbódi: "gb" kò ṣeé pín. Bí wọ́n bá ti mọ gbígbẹ, ẹ fún wọn ní "gbóná", kí ẹ wò ó bóyá ó yé wọn. Àwọn àwọ̀ kì í tẹ̀ lé òfin yìí: aṣọ náà funfun, aṣọ funfun, kò sí ohun tí a fi kún un.

Ní ìparí, ẹ kọ "yàtọ̀" sí pátákó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe é: yíyàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àmì kan ṣoṣo

Ọjọ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ẹ kọ gbólóhùn kan sí pátákó láìfi àmì sí "ni" inú rẹ̀:

Olúgbódi ni ìka mẹ́fà.

Ẹ ní kí wọ́n kà á bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, torí wọ́n á gbọ́ ọ pé ìka mẹ́fà yẹn ni Olúgbódi. Ẹ wá fi àmì ohùn òkè sí i: Olúgbódi *ní* ìka mẹ́fà. Ìka ti padà sí ọwọ́ rẹ̀, òun náà sì ti di ènìyàn padà. Ẹ bi wọ́n ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, kí ẹ má sọ nǹkan kan títí wọn yóò fi sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ara wọn.

Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú wọn lọ sí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ní pápá ìṣeré. "Akólòlò ni Òjó." "Arọ ni." Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé gbogbo ohun tí Òjó jẹ́ nìyẹn?" Kí wọ́n wá tún gbólóhùn náà kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe: Òjó máa ń kólòlò bó bá ń kánjú. Ó ń fi ọ̀pá rìn. Kí wọ́n sì fi gbólóhùn kejì kún un pẹ̀lú "ṣùgbọ́n" tàbí "ó sì". Òwe tó ní "ṣùgbọ́n" nínú wà nílẹ̀ fún yín: Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Mi ò ní kí wọ́n sá fún "ni". "Akọrin ni Àìná" dára púpọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mọ ohun tó ń ṣe sí ẹnì kejì nígbà tó bá yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kù, ẹ padà sínú àkàyé kí ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí Ìyá àgbà fi jẹ́ "wọ́n" nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ni. Yorùbá kì í fi arọ́pò-orúkọ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ fún obìnrin. "Ó" ni Àìná, "ó" ni Olúgbódi. Àgbà ló ń yà sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí wọ́n kọ tiwọn

Gbólóhùn márùn-ún péré, lábẹ́ ọwọ́ tí wọ́n yà sórí ìwé. Èkínní, orúkọ. Èkejì, ohun kan tí wọ́n ní, pẹ̀lú "ní". Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀-àpèjúwe kan tí wọ́n ṣẹ̀dá. Ẹ̀kẹrin, "ṣùgbọ́n". Ẹ̀karùn-ún, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ nípa wọn. Ẹ má fipá mú ọmọ kankan láti kọ nípa àìlera rẹ̀. Ọmọ àfín tó bá fẹ́ kọ pé òun ní ajá kan tó ń gbó jù, ajá ni kó kọ.

Bí ẹ bá ń máàkì, ẹ wo ohun mẹ́ta péré: "ni" àti "ní", "ju … lọ", àti ọ̀rọ̀-àpèjúwe náà. Ẹ fi àṣìṣe yòókù sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé tó bá kún fún ìlà pupa, ọmọ kì í kà á padà.

Òbí kan á béèrè bóyá gírámà Yorùbá kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ òun jẹ́. Ẹ sọ fún un nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ lẹ àwọn ọwọ́ náà mọ́ ògiri, kó má ga ju ibi tí ọmọ tó kúrú jù lè kà lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ẹ máa lo ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀: ọmọ kan á lọ síbi ògiri, á ka gbólóhùn ẹlòmíràn sókè, àyàfi èyí tó ní orúkọ, kíláàsì á sì sọ ẹni tó ni ọwọ́ náà. Ẹni tí "ni" àti "ní" bá ṣì ń dàrú mọ́ lójú ni kí ẹ máa pè jù.